Aró Tó Kú Nínú Fírísà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Làábù Wa

Ìdí síǹkì ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mò ń ṣan ìgò, nígbà tí àbúrò wa tó ń ṣe másítà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Mo nu ọwọ́ sí kóòtù, mo wò ó. Àwòrán tó yẹ kó rí bí eyín òòyà, ebè iṣu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ó wú láàárín, ó sì nà gbọọrọ sí apá òsì. Ìgbà kẹta tí irú rẹ̀ máa jáde nìyẹn. Ọmọ náà ò sunkún o, àmọ́ mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ẹkún ò jìnnà.

Èmi ni mo ń mójú tó fírísà àti kẹ́míkà níbẹ̀. Màmá Fírísà làwọn ọmọ ń pè mí tí wọ́n bá rò pé mi ò gbọ́. Mi ò ní dárúkọ ibi tí a wà, torí ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀bi nínú, ìdajì ẹ̀bi náà sì jẹ́ tèmi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ àti níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń rin bí aṣọ tí a kò fún gbẹ.

Ọmọ yìí fẹ́ mọ̀ bóyá oje ewé kan lè dín pípín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Kó tó débi ewé, ó ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun lè ka iye ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì pín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fi ewé sí i. Ibẹ̀ ló há sí.

CFSE ló fi ń kà á. Aró ni, kí n má fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n á rẹ sẹ́ẹ̀lì láró, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ tó gbóná tó ara èèyàn fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Sẹ́ẹ̀lì tó bá pín sí méjì, àwọn ọmọ méjèèjì á pín aró ìyá wọn ní dọ́gba-dọ́gba. Àwọn ọmọ-ọmọ á ní ìdámẹ́rin, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á ní ìdámẹ́jọ. Tí ẹ̀rọ flow cytometer bá wá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìran kọ̀ọ̀kan á dúró sí ipò tirẹ̀. Eyín òòyà tí mo wí nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá dára, èèyàn lè ka ìran méje tàbí mẹ́jọ kí aró tó ṣá débi pé kò yàtọ̀ mọ́ sí sẹ́ẹ̀lì tí kò rí aró rí. Lyons àti Parish ló tẹ ọ̀nà kíkà yìí jáde ní 1994, ní Australia, àwọn èèyàn ò sì tíì fi í sílẹ̀ títí dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni bí aró ọ̀hún ṣe rí gan-an. Orúkọ rẹ̀ nínú ìgò ni CFDA-SE. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń di CFSE, ẹnu wa ló kàn ti mọ́ CFSE. Ó wọ aṣọ méjì, ìyẹn acetate méjì tó bò ó lára. Aṣọ yẹn ni kì í jẹ́ kó tàn, òun náà ló sì ń jẹ́ kó lè gba ara sẹ́ẹ̀lì wọlé. Tó bá dé inú, àwọn ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní esterase á bọ́ aṣọ náà, àwọ̀ ewé á sì tàn yòò. Yàtọ̀ sí aṣọ, ó ní ọwọ́ kan, ìyẹn ìdí succinimidyl ester rẹ̀, tó fi ń di purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì mú kó má baà jò jáde. Aṣọ ló fi ń wọlé, ọwọ́ ló fi ń jókòó. Omi sì ni ọ̀tá méjèèjì: omi á bọ́ ọ láṣọ níta, omi á gé e lọ́wọ́. Èyí tí omi ti bọ́ láṣọ, ó ṣòro fún un láti wọlé mọ́. Èyí tí omi gé lọ́wọ́ á wọlé, á tàn fúngbà díẹ̀, á tún jò padà síta.

Mo mọ gbogbo èyí láti ilé-ìwé. Ohun tí mo gbàgbé ni pé kì í ṣe inú ìgò nìkan ni omi ti ń wá.

PHA la kọ́kọ́ fura sí. Òun ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí jí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Inú ẹ̀wà pupa ńlá ti òyìnbó, kì í ṣe ẹ̀wà olóyin wa, ni wọ́n ti ń yọ ọ́; òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀wà ọ̀hún da inú rú tí kò bá jinná. Tẹ́lẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì pupa lè lẹ̀ mọ́ra kúrò lọ́nà ni wọ́n ṣe ń fi PHA sí ẹ̀jẹ̀. Peter Nowell, ará Amẹ́ríkà, ló wá rí i ní 1960 pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ṣẹ́kù ti ń pín. Ọ̀gá wa ní kí a ra PHA tuntun kíá. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ sà, torí nǹkan méjì kò bá ara mu.

Àkọ́kọ́, a ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a kò fún ní PHA rárá, tí kò yẹ kí wọ́n pín. Òkìtì tiwọn ló yẹ kó ga, kó tín-ín-rín, kó dúró gbọn-ín lápá ọ̀tún. Ṣe ló fẹ̀ bí ẹnu agbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Bó bá jẹ́ PHA ló kú, àwọn wọ̀nyí ìbá máa tàn yanran. Lóòótọ́, CFSE máa ń pàdánù ọ̀pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí sẹ́ẹ̀lì ò tilẹ̀ pín, torí àwọn purotéènì kan wà tí sẹ́ẹ̀lì máa ń tètè kó dànù pẹ̀lú aró tó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n tiwa ti ṣá láti wákàtí tí a rẹ ẹ́ láró.

Èkejì, ẹnì kan ní tábìlì tó tẹ̀ lé tiwa ti bu díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, PHA kan náà, ó sì fi BrdU sí i ní 10 µM. BrdU jọ thymidine, ọ̀kan nínú àwọn bíríkì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ DNA. Ó jọ ọ́ débi pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ DNA tuntun á mọ ọ́n mọ́ ògiri láìfura. Wọ́n á wá fi hydrochloric acid 2 N ṣí DNA náà sílẹ̀ kí antibody, ìyẹn purotéènì tó ń wá BrdU, lè rí i dì mú. Tirẹ̀ jáde rẹpẹtẹ. Sẹ́ẹ̀lì ń kọ́ DNA. PHA ò kú.

A tún wo sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Trypan blue, tó máa ń wọ inú òkú sẹ́ẹ̀lì nìkan, kò rí òkú púpọ̀. A fi àwọn hóró tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò dán ẹ̀rọ wò: ẹ̀rọ ò ṣẹ̀. Ó wá ku aró.

Mo lọ síbi fírísà. Ilẹ̀kùn ni túùbù CFSE wà, ibi tí ooru ti ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án nígbàkúgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i láti wá ẹ̀jẹ̀, láti wá yìnyín, tàbí, kí Ọlọ́run má bínú, láti wá omi tútù mu. Irú fírísà tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ ni, tó ń mú ara gbóná díẹ̀ lóòrèkóòrè kí yìnyín má baà dì mọ́ ògiri rẹ̀. Ó dára fún ẹran àti ẹja. Kò dára fún aró. Tó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀ tí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wa, fírísà −80 °C nìkan ló ń gbé. Èyí tí aró wà nínú rẹ̀, −20 °C, á máa yọ́ jẹ́jẹ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo rí níbẹ̀: CFSE, 5 mg nínú 1.79 mL DMSO, 5 mM, oṣù kẹta. DMSO ni nǹkan olómi tí a fi ń pò lẹ́búlẹ́bú aró. Oṣù kọkànlá la wà. Ìṣirò yẹn ò ní àbùkù; ìwọ̀n mólékù CFDA-SE jẹ́ 557.47, ẹ lè fi kakulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àbùkù ibẹ̀ ni pé túùbù kan ṣoṣo ni mo pò ó sí, gbogbo làábù sì ń ti ibẹ̀ bù fún oṣù mẹ́jọ. Túùbù kéékèèké ti tán lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí mo pò ó, mo sì ní màá pín in lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò dé.

Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Ṣe é lójú mi bí o ṣe máa ń ṣe é. Má ṣe é dáadáa torí mi o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fírísà, ó mú túùbù, ó dé ìdí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò ṣí ọmọrí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá márùndínlógún. Mo ní, "Dúró. Wò ó." Ara túùbù ti funfun bí ìgò máàtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú kúlà lọ́sàn-án gangan. Bí a ṣe ń wò ó, funfun náà di ìrì, ìrì di ẹ̀kán omi. Ọ̀kan yí wálẹ̀ láti abẹ́ ọmọrí, ó dúró díẹ̀ létí ẹnu túùbù, ó sì rọra wọnú rẹ̀ lọ. Túùbù ń làágùn, ó sì ń mu òógùn ara rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ṣé gbogbo ìgbà ni mo ń ṣe báyìí?"

Mo ní, "Ìwọ nìkan kọ́."

Ẹ̀kán kan ò tó nǹkan. Ẹ wá kà á ní ìlọ́po iye ìgbà tí a ṣí i láàárín oṣù mẹ́jọ. Ẹ tún fi kún un pé DMSO fúnra rẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu bí iyọ̀ ìgbà òjò, bí ọmọrí bá ti wà ní ṣíṣí. Kò dúró kí omi kán sí i, òun náà ń wá omi kiri.

Mi ò tíì jẹ́ kó dá túùbù padà. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, mo sì fà sẹ́yìn. Ó bu 10 µL sínú 10 mL PBS, omi oníyọ̀ tí a fi ń rẹ sẹ́ẹ̀lì láró, ó dà á pọ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ ka sẹ́ẹ̀lì nídìí máíkrọskóòpù. Ẹni méjì wà lórí ìlà níwájú rẹ̀. Nígbà tó fi padà wá da aró náà sórí sẹ́ẹ̀lì, wákàtí kan ti lé díẹ̀. Omi ni PBS. Gbogbo wákàtí yẹn, omi ń gé aró lọ́wọ́. Ní pH 7 (pH ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó), lórí yìnyín, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè lo wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ní pH 8.6, ní 4 °C, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. PBS wa wà ní 7.4, yàrá wa sì gbóná ju yìnyín lọ fíìfíì. Tó bá jẹ́ aró tuntun ló lò, bóyá ìbá ṣì rí nǹkan díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Aró tó ti ń kú lọ láti ilẹ̀ ló lò.

Mo fẹ́ rí òkú rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. CFDA-SE tó dára, tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lára, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ nínú DMSO. Tiwa ti pọ́n bí ìtọ̀ ẹni tí kò mu omi. Mo gbé e sórí ìmọ́lẹ̀ búlúù tí a fi ń wo DNA nínú jẹ́ẹ̀lì, mo pa iná yàrá. Ó tàn. Àwọ̀ ewé tó yẹ kó tàn nínú sẹ́ẹ̀lì nìkan, ó ń tàn lásán nínú túùbù, kò sí sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, kò sí esterase. Àwọn ọmọ tó kù ti yí wa ká, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó mà rẹwà o, mà." Lóòótọ́ ó rẹwà. Owó tó ń tàn ni.

Ó wá ku ìgò DMSO fúnra rẹ̀, èyí tí mo fi pò ó ní oṣù kẹta. Ìgò ńlá ni, a ti ṣí i tipẹ́, ọmọrí rẹ̀ ò sì dé dáadáa. Ìdánwò tí mo ṣe fún un, ilé ìdáná ló ti wá. Ẹ mọ bí àdí àgbọn ṣe máa ń dì gbagidi nígbà ọyẹ́. DMSO tí omi ò sí nínú rẹ̀ náà máa ń dì, ní 18.5 °C. Kò tilẹ̀ nílò fírísà. Tí èèyàn bá gbé eyà kọ́ńdísọ̀nù lọ sílẹ̀ jù lálẹ́, á bá a ní dídì láàárọ̀. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ibi tó ti ń dì á máa lọ sílẹ̀, lọ sílẹ̀. Mo bu 1 mL nínú ti àtijọ́ sí túùbù kan, mo bu 1 mL nínú tuntun tí a yá lọ́wọ́ ẹ̀ka kejì sí òmíràn, mo kó méjèèjì sínú fíríìjì, 4 °C, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tuntun ti le bí àbẹ́là. Mo dojú túùbù rẹ̀ bolẹ̀, kò mira. Ti àtijọ́ ń ṣàn wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan olómi lè tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì kó má sì dì, mo bá fi ìka ta á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún dá a padà sínú fíríìjì di ọ̀sán. Kò dì. Omi tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí mo pò aró yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí túùbù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, èmi ti kọ́kọ́ fi omi sí i. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Kò dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ ọmọ náà ti ru ẹrù yẹn fún oṣù mẹ́ta, ó yẹ kó sọ̀ ọ́.

Ọ̀gá wa ní kí a ra 25 mg aró tuntun torí ó dín owó lójú, tí èèyàn bá ṣírò rẹ̀ ní mílígíráàmù kọ̀ọ̀kan. Mo ní rárá sà. 25 mg á di nǹkan bíi 9 mL ní 5 mM, àwa ò sì lè lò ó tán kó tó bàjẹ́. Èyí tí a dà nù kò dín owó fún ẹnikẹ́ni. A ra túùbù 500 µg méjì. Ọ̀gá kùn, ọ̀gá sanwó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí wọn. A mú ọ̀kan jáde tòun ti ọ̀rá tó wà, a gbé e sórí tábìlì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó làágùn, a nu òógùn náà, ó tún làágùn díẹ̀, ó gbẹ. Nígbà tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án tí kò tutù mọ́, a yí i nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú lè sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀. DMSO tí a lò lọ́tẹ̀ yìí ni èyí tí wọ́n fi rọ́bà dí lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ la fi fà á, ọmọrí rẹ̀ ò ṣí. A fi 179 µL sí i. Ó yọ́ lójú ẹsẹ̀, kò láwọ̀. A pín in ní 10 µL 10 µL sínú túùbù kéékèèké, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ó ku díẹ̀ tí a lò lọ́jọ́ yẹn. Túùbù kọ̀ọ̀kan tó iṣẹ́ kan: 10 µL nínú 10 mL, 5 µM, DMSO inú rẹ̀ ò ju 0.1% lọ. A fi fóìlì wé wọn torí ìmọ́lẹ̀, a kó wọn sínú ike pẹ̀lú hóró silica aláwọ̀ búlúù tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí omi bá ti wọ̀ ọ́, a sì gbé ike náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fírísà kan tí kì í yọ́ yìnyín ara rẹ̀, tó sì wà lórí wáyà jẹnẹrétọ̀. Mo kọ ọjọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sí i pé: ẹ má dá èyí tó ṣẹ́kù padà.

Mi ò fẹ́ kí a kàn gbà pé omi ni, mo fẹ́ rí i. A gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, a fi Ficoll, nǹkan olómi tó ki, ya sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ sọ́tọ̀, a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan gba aró àtijọ́. Ọ̀kan gba aró tuntun láti inú túùbù kejì, tí a fi DMSO àtijọ́ pò. Ọ̀kan gba aró tuntun nínú DMSO tuntun. Ọmọ náà ló rẹ wọ́n, lọ́tẹ̀ yìí ó ti ka sẹ́ẹ̀lì tán kó tó fọwọ́ kan aró. Mo kọ́ ọ ní ohun kan tí ẹni tó kọ́ èmi náà kọ́ mi: má da aró sójú kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì, torí èyí tó wà nítòsí á mu yó, òǹgbẹ á sì máa gbẹ èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Fi ẹ̀gbẹ́ túùbù lélẹ̀, kán aró sí apá gbígbẹ lókè, dé e, kí o sì dà á délẹ̀-dókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 37 °C. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tútù tó ní 10% serum (omi ẹ̀jẹ̀ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì) nínú, ìlọ́po márùn-ún, kí purotéènì inú rẹ̀ gba gbogbo aró tó ṣì ń rìn gbéregbère. Ìdí kan náà nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ ní serum, tàbí Tris, kẹ́míkà tó ń mú pH dúró, nínú omi tí a fi ń rẹ sẹ́ẹ̀lì láró: àwọn náà ní ibi tí ọwọ́ aró lè dì mú, wọ́n á gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ kẹrin, gbogbo wa wà nídìí ẹ̀rọ. Aró àtijọ́: ebè. Aró tuntun nínú DMSO tuntun: òòyà, èèyàn lè ka eyín mẹ́fà láìfún ojú pọ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti àárín. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tuntun. Inú ọmọ náà dùn, ó ní, "Màmá, DMSO yín ò jẹ̀bi o!" Mo ní kó tọ́jú èyí tó kù nínú pípò àárín yẹn, kó tún gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òòyà rẹ̀ sì ti ń ká léyín. Omi inú DMSO kì í pa aró lọ́jọ́ kan. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ igi ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan fi túùbù yẹn ṣe ní oṣù kẹrin fi dára, tí gbogbo wa sì fi ọkàn balẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ara mi ti gbóná, mo yẹ gbogbo ohun tí a fi ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì wò. BrdU ò bẹ̀rù omi bẹ́ẹ̀; 3.07 mg nínú 1 mL PBS ni 10 mM rẹ̀, ó sì lè wà ní −20 fún ìgbà pípẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá tirẹ̀, mo sì bá ọ̀kan nínú túùbù tó mọ́ gaara, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. A pò òmíràn, a wé e ní fóìlì, mo sì tún ké mọ́ wọn nípa ìbọ̀wọ́, torí ohun tó lè wọ DNA sẹ́ẹ̀lì inú ike lè wọ tiwa náà. Ti EdU, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí BrdU ń ṣe, dára. Salic àti Mitchison ló mú EdU wá ní 2008, kò nílò ásíìdì láti ṣí DNA, kópà ni wọ́n fi ń so àwọ̀ mọ́ ọn, irú ìsopọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ fún àwọn mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Kópà rẹ̀ ò ní ìṣòro lórí pẹpẹ. Ascorbate rẹ̀, ìyẹn fítámì C tí wọ́n ń lò pẹ̀lú kópà náà, ni mo bá nínú fíríìjì, ó ti pọ́n bí omi tíì. Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lò ó ló yẹ kí a máa pò ìyẹn. Mo dà á sí síǹkì lójú ẹni tó ni ín.

Ọmọ náà ti dé ibi ewé báyìí. Ohun tí ewé náà ń ṣe, òun ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Mi ò da túùbù oṣù kẹta nù. Mo kọ MÁ LÒ sí i pẹ̀lú bírò pupa, mo gbé e sínú dúróà mi. Tí ọmọ tuntun bá dé, mo máa ń gbé e sórí ìmọ́lẹ̀ búlúù, màá pa iná, màá sì ní kó sọ ohun tó rí fún mi. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ní ó rẹwà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ka túùbù inú ike. Ó yẹ kó ku mọ́kànlá. Méjìlá ni mo bá, ọ̀kan nínú wọn ò kún, fóìlì rẹ̀ sì ti ya. Mo jù ú nù, mo kọ mọ́kànlá sínú ìwé, mo sì ń wá ẹni tó dá a padà.